Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí Wọn Kò Lé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Texas

Ní oṣù Ògún ọdún 2003, yunifásítì aládàáni kan tó jẹ́ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìpínlẹ̀ Texas gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọkùnrin rẹ̀. Ẹni ọdún 32 ni. Sáà kan péré ló tíì fi jẹ́ ọ̀gá àgbà ikọ̀ rí, ní yunifásítì kékeré kan ní Indiana, níbi tó ti gba ipò lọ́wọ́ bàbá tó bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un jáde fún àwọn oníròyìn, ó ní ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lòun ń wò, òun ò wá láti kópa lásán. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nígbà náà kò jẹ̀bi. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tíì dé ìdíje ńlá NCAA (àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà), èyí tó máa ń wáyé ní oṣù Ẹrẹ́nà, láti ọdún 1988. Eré kan ṣoṣo níbẹ̀, wọn ò tíì jáwé olúborí nínú rẹ̀ láti 1950.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà á ti dá wọn mọ̀ kó tó kà á dé àárín. Ẹni tí kò bá sì tẹ̀lé e kò pàdánù ohunkóhun. Èyí tí mo fẹ́ kí àwa tí à ń gba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́, tí a sì ń lé wọn, wò fínnífínní ni bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà wo ni sùúrù wọn rọrùn? Ìgbà wo ló nira? Kí ni wọ́n rí tí wọn ò fi lé e?

Ohun tó bá nílẹ̀

Nínú oṣù Òkúdù ọdún yẹn, wọ́n wá ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ náà tì. Nígbà tí oṣù Agẹmọ ń parí lọ ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú pápá kan nítòsí ìlú. Ìbọn ni wọ́n yìn pa á. Ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ wà nínú ikọ̀ ni ọlọ́pàá mú. Ní 2005, ọmọkùnrin náà gbà pé òun jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 35.

Ikú yìí ló tú àṣírí. Olóògbé náà kò sí lára àwọn tó ń jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, síbẹ̀ ẹnì kan ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ìgbà náà, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, lẹni náà, ohun tí òfin NCAA kà léèwọ̀ pátápátá. Nígbà tó rí i pé ìwádìí ń kanlẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ikọ̀ àti àwọn igbákejì rẹ̀ ní ohun tí wọ́n máa sọ: kí wọ́n ní oògùn olóró ni olóògbé ń tà, pé ibẹ̀ lowó ti ń wá. Òkú kò kúkú lè jà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn igbákejì náà ti fi ẹ̀rọ kékeré gba ohùn òun sílẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà náà àti olùdarí eré ìdárayá ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí ohùn náà tó jáde síta. (Ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀, ọ̀nà iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá dí mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ìṣòótọ́, wọn ò sì fún un níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

NCAA gba àwọn agbábọ́ọ̀lù tó kù láyè láti lọ síbòmíràn láìní jókòó ọdún kan gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà ṣe wí. Àwọn tó dára jù kó ẹrù wọn: ọ̀kan gba Oklahoma State lọ, ọ̀kan gba Mississippi State, ọ̀kan wọ Texas, alátakò tí wọ́n jọ wà nínú líìgì Big 12. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kankan nítorí bọ́ọ̀lù ló wá kún orí ìjókòó. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé ikọ̀ náà ò ní kópa nínú ìdíje kankan lẹ́yìn líìgì.

Sáà àkọ́kọ́, wọ́n gba eré 8, wọ́n pàdánù 21. Sáà kejì, 9 sí 19. Nínú eré 16 tí wọ́n gbá nínú líìgì, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, sáà kejì yìí gan-an ni ikọ̀ obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan náà gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, nínú gbọ̀ngàn kan náà, lábẹ́ olùdarí eré ìdárayá kan náà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìlú náà kéré tàbí pé owó ò sí.

Sáà tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀

Oṣù Òkúdù 2005 ni ìdájọ́ NCAA tó jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ náà máa wà lábẹ́ ìṣọ́ títí di 2010. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àtijọ́ gba ìyà ọdún 10. Ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sí ọrùn àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni pé fún odidi sáà 2005–06, ikọ̀ náà kò gbọdọ̀ bá ikọ̀ kankan tí kò sí nínú líìgì tirẹ̀ gbá.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa rí lójú ọmọ ọdún 18. Oṣù Bélú ni bọ́ọ̀lù yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀. Títí di Kérésìmesì, àwọn ikọ̀ ńlá á máa bá àwọn kéékèèké gbá, kí ara àwọn ọmọ lè yá, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ eré àti ẹni tó yẹ kó ṣì máa wòran. Àwọn ọmọ yìí ò rí irú ẹ̀. Ìgbáradì ni ṣáá, ara wọn ni wọ́n sì ń bá gbá, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n máa fi wọ pápá ní oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ 2006, àwọn alátakò wọn ti gbá nǹkan bí eré 12. Eré 17 ni wọ́n gbá lápapọ̀ ní sáà náà. Wọ́n gba 4.

Ní sáà kẹrin, wọ́n gba 15, wọ́n pàdánù 16. Tí a bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó jẹ́ 36 sí 69. Nínú eré líìgì 64, wọ́n gba 12. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní dúró de àròpọ̀ yìí. Sáà kejì lẹ́tà á ti dé.

Kí ló dé tí wọn ò fi lé e? Mi ò gbà pé ojú àánú nìkan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àánú wà níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í ní: wọ́n mọ ìpàdánù tó jẹ́ ti ìyà àti èyí tó jẹ́ ti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìyà náà wà lákọsílẹ̀, ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ òpin. Bí ẹnì kan bá sọ nínú ìpàdé pé ikọ̀ yìí ò ṣe dáadáa, ìwé ìdájọ́ wà lórí tábìlì tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ohun tó kù tí wọ́n lè fi wọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe iye eré tó gbà. Àwọn ọmọ tó ń wọlé ni, àti àwọn tó ń dúró.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí láìsí ariwo. Ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ilé-ẹ̀kọ́ méjìlá tó ń pè é. Kí lẹni tí ikọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ìyà fẹ́ fi fà á wá? Ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ ni àyè: wá síbí, o ò ní jókòó, ọjọ́ àkọ́kọ́ lo máa gbá. Sáà kejì, ọmọ Australia kan gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì di ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé jù láàárín àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún ìyà gan-an, nígbà tí ikọ̀ ò ní eré kankan kí ọdún tuntun tó dé, àwọn ọmọ Texas méjì wọlé tí wọ́n sì lo ọdún mẹ́rin gbáko láì lọ síbòmíràn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Louisiana kan tó wà lára àwọn àṣàyàn ọmọ girama jákèjádò orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ń ka àbájáde nínú ìwé ìròyìn rí 4 sí 13. Ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà rí nǹkan mìíràn.

Igbákejì rẹ̀ náà wà níbẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ọmọ bíbí Trinidad ni, ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan ní Texas ló ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó mú un wá ní 2003. Ìgbà tí ó máa lọ di ọ̀gá fúnra rẹ̀ níbòmíràn, ọdún 2022 ni. Ọdún 19 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá kan. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè fi owó ra irú ìyẹn. Àfi kí wọ́n má tú ilé náà ká.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ 2008, wọ́n lọ bá Texas A&M gbá nílé tiwọn. Ìṣẹ́jú 40 pé, wọ́n ta ọ̀mì. Wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un, ọ̀mì. Wọ́n tún fi kún un, ọ̀mì ni. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n fi àkókò kún eré yẹn, ìṣẹ́jú 65 lápapọ̀, tí àwọn ọmọ kan ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn kún tí wọ́n sì jáde, tí àwọn tó kù ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀. 116 sí 110 ló parí sí, àlejò ló gbà á. Kò tíì sí eré tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn Big 12. Lọ́dún yẹn ni wọ́n padà sí ìdíje NCAA lẹ́yìn ogún ọdún. Purdue lé wọn jáde ní eré àkọ́kọ́, kò sì dun ẹnikẹ́ni.

Sùúrù tó nira

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń parí ìtàn yìí nìyẹn: ó bá a nínú eérú, ó tún un kọ́, ẹ kú iṣẹ́. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìdánwò gidi ti bẹ̀rẹ̀. Láti ṣe sùúrù fún ẹni tó ń tún ilé tó jóná kọ́ kò le. Gbogbo ayé ló rí iná. Èyí tó le ni kéèyàn ṣe sùúrù fún ẹni tó ti dára, tí kò tíì dára tó.

Ní 2010, wọ́n gba eré 28, wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà ìpele tí ikọ̀ mẹ́rin péré máa ń kù nínú ìdíje NCAA. Ọ̀pá àárín wọn lọ́dún náà jẹ́ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ó ti Michigan wá, ó sì ti fi odidi sáà kan jókòó kí òfin tó gbà á láyè láti gbá. Ikọ̀ NBA mú un ní ipò kẹfà nígbà tí sáà parí. Duke ló dá wọn dúró, 78 sí 71. Ní 2012 wọ́n tún dé ibì kan náà, Kentucky ló tún dá wọn dúró. Láàárín méjèèjì, ní 2011, wọn ò dé ìdíje NCAA rárá.

Oṣù Igbe 2012 ni ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde. NCAA rí i pé ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ ọkùnrin àti ti obìnrin ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ girama àti àwọn ènìyàn wọn nígbà tí òfin ò fàyè gbà á. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ ìṣọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni. Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Wọ́n fìyà jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, wọ́n ní kó jókòó sílé fún eré líìgì méjì, wọ́n tún padà sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọn ò lé e. Ẹ̀bi tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó bá nílẹ̀, wọ́n sì wọn ìyà náà bí ẹ̀bi ṣe tó. Nígbà tí wàhálà tó burú gidi tún bẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 2016, nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ yẹn bó tilẹ̀ ń jáwé olúborí, olùdarí eré ìdárayá náà sì lọ. Ẹni tó bá rò pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí kàn ń fara da ohun gbogbo ni kó wo ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olólùfẹ́ ló wá ń le sí i. Wọ́n ní ó mọ ọmọ kó, kò mọ bọ́ọ̀lù kọ́. Ó sì ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2015, ikọ̀ rẹ̀ ń bá Georgia State gbá, ikọ̀ tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Wọ́n ti fi 12 ṣáájú, 56 sí 44, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Láti ìgbà náà, wọn ò ju ẹyọ kan wọlé mọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Georgia State ò lè dúró, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti já, orí àpótí alágbàá ló jókòó sí. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó wọlé, bàbá ré bọ́ láti orí àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. 57 sí 56. Fídíò yẹn kárí ayé, ẹ̀yìn àwòrán náà sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Yale, tí kò tíì gba eré kan rí nínú ìdíje náà, lé wọn jáde ní eré àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì wọ́n di ikọ̀ kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Lọ́dún kẹta wọn ò tilẹ̀ rí ààyè nínú ìdíje náà.

Ọdún 15 ti kọjá báyìí. Olùdarí eré ìdárayá tuntun ti dé ní 2016, ẹni tí kì í ṣe òun ló bá a bẹ̀rẹ̀. Ìgbà báyìí gan-an ni ọ̀gá tuntun máa ń mú ènìyàn tirẹ̀ wá. Kò mú ẹnikẹ́ni wá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àkókò tó fi sílẹ̀ fún un yìí ni ọkùnrin náà fi yí ọwọ́ padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà ìdènà kan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: kálukú á máa ṣọ́ àyè tirẹ̀ lórí pápá, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ni tìrẹ. Ó pa á tì. Láti sáà 2019–20, ó ní kí kálukú dojú kọ ẹni tirẹ̀, kí wọ́n máa tì í sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kó rí àárín gbà kọjá. Ẹni tó ti ń ṣe nǹkan lọ́nà kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tó sì yí i padà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ lé òun lọ́la. Ẹni tí lẹ́tà ń bọ̀ wá bá kì í dán nǹkan tuntun wò. Ohun tó mọ̀ ló máa dì mú títí wọ́n á fi lé e.

Àwọn ọmọ tó ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe ọmọ tí ayé ń dù. Ọ̀kan ti Auburn wá, ọ̀kan ti yunifásítì kékeré kan ní Asheville wá, àwọn méjèèjì sì fi odidi sáà kan jókòó, ìgbáradì nìkan ni wọ́n ń bá wọn ṣe. Ní 2020, wọ́n gba eré 23 tẹ̀ léra, 26 sí 4 ni sáà wọn, ni àrùn Kòrónà bá fagi lé ìdíje NCAA. Púpọ̀ nínú wọn padà wá lọ́dún kejì. Àrùn náà tún dá wọn dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Èrèlè 2021. Ní ọjọ́ 5 oṣù Igbe, ní Indianapolis, wọ́n kojú Gonzaga, tó ti gba eré 31 láìpàdánù ọ̀kan, tó sì fẹ́ di ikọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gba ife láìpàdánù láti ìgbà Indiana ní 1976. 9 sí òdo ló ti jẹ́ kí Gonzaga tó mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. 86 sí 70 ló parí sí. Sáà kejìdínlógún rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó kàn wá

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá fún ní ọdún 18 ló máa gba ife, àwọn ọ̀lẹ pọ̀ tó ń fi ìtàn yìí bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń bójú tó ikọ̀ lè mú lọ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba ènìyàn sórí ilé tó wó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ papọ̀: ìpàdánù wo ni ẹ ò ní kà sí i lọ́rùn, títí di ọjọ́ wo, àti pé kí lẹ máa wò dípò rẹ̀ títí ọjọ́ náà á fi pé. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ̀rù tó bá bà yín lẹ́yìn eré tí ẹ pàdánù ni á máa ṣe ìdájọ́ fún yín. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ máa fẹ́ lé e jù kì í ṣe ọdún kejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún kejìlá, nígbà tó bá ti mú yín dé ibi tí ẹ ò dé rí, tí ẹ wá ń bínú pé kò tíì kọjá ibẹ̀. Ẹ bi ara yín lọ́jọ́ yẹn bóyá ó ṣì ń kọ́ nǹkan. Èyí tó bá ti dáwọ́ kíkọ́ dúró, ẹ lè jẹ́ kó máa lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní oṣù Igbe 2024, àga Kentucky ṣófo, ọ̀kan nínú àwọn àga tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ife ti wọlé, wọ́n lọ sí ìdíje NCAA ní 2022, 2023, 2024 àti 2025, ìpele kejì ni wọ́n ti lé wọn jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá fẹ́ kùn ti tún rí ohun tó máa fi kùn.